Ìkéde wa sọnù sáàárín àdúrà àti àwòrán: báwo lẹ ṣe ń kọ àkọlé, báwo lẹ sì ṣe ń dá ọ̀rọ̀ padà sójú ọ̀nà?

Akọ̀wéSẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa tá a jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ girama lọ́dún 1998. A lé ní igba lórí WhatsApp. Ọ̀pọ̀ wa wà n'Íbàdàn níbí, àwọn kan wà l'Ékòó, àwọn kan sì ti fìdí kalẹ̀ sí Manchester àti Houston. Lóṣù tó kọjá, ìyá ọ̀kan nínú wa papò dà. Mo kéde pé ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú. Bí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó ní àwọ̀ rẹ̀ kò dáa, ẹni tó ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹni tó ń bèèrè bóyá gèlè wà nínú rẹ̀. Àárín ariwo yẹn ni ọmọ olóògbé fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ pé àwọn ti fa ìsìnkú wá sí Ọjọ́bọ̀. Abẹ́ ọ̀rọ̀ gèlè ló fèsì sí, kò sí àkọlé, kò sí ohunkóhun tó fi yàtọ̀. Kó tó di wákàtí kan, àdúrà alẹ́ ti gorí rẹ̀, fídíò olóṣèlú kan ti gorí àdúrà, nígbà tí ilẹ̀ yóò sì fi mọ́, àwòrán òdòdó "ẹ káàárọ̀" bíi ogún ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Èèyàn mẹ́sàn-án wọkọ̀ wá láti Èkó lọ́jọ́ Ẹtì. Kánópì tí wọ́n ń tú ni wọ́n bá.

Ọ̀rẹ́ wa ò pariwo, àmọ́ ó sọ ọ̀rọ̀ kan fún mi tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi: "Mo rò pé gbogbo yín rí i, ẹ kàn ò wá ni." Èmi ni akọ̀wé, ó yẹ kí n rí i. Mi ò fẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bójú tó gúrúùpù ńlá, kí lẹ ń ṣe? Báwo lẹ sì ṣe ń bá àgbà tó ń yà kúrò lórí ọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ tí kò fi ní di ìjà?

ỌmọẸ̀gbá_Manchester

Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn o, Akọ̀wé. Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá sáfẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni admin gúrúùpù ẹbí wa, a ò tó yín o, a jẹ́ àádọ́rin. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ jù ni pé ìlà àkọ́kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kan gbogbo ilé gbọ́dọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́: ÌKÉDE, ÌBÉÈRÈ, Ẹ GBÀ WÁ o, tàbí ÀYÍPADÀ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti ibi tó wà. Ẹ fi ìràwọ̀ kékeré sí iwájú àti ẹ̀yìn ìlà yẹn kó lè dúdú kedere. Ẹni tí fóònù rẹ̀ dún lójú ọ̀nà kò ní ṣí i, ìlà kan péré ni ojú rẹ̀ máa rí kó tó da fóònù padà sápò. Tí ìlà yẹn bá jẹ́ "Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín lókùnrin lóbìnrin", ẹni yẹn ti lọ.

ÀYÍPADÀ ni kẹ́ ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn jù. Ìkéde tuntun ni kó jẹ́ nígbà gbogbo, kó má ṣe jẹ́ èsì sábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí ó sì sọ èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ àti èyí tó di báyìí: "ìsìnkú kì í ṣe ọjọ́ Ẹtì mọ́, Ọjọ́bọ̀ ni." Tẹ́ ẹ bá kàn kọ "Ọjọ́bọ̀", ẹni tó ti ní ọjọ́ Ẹtì lọ́kàn lè rò pé àìsùn ni ẹ ń sọ.

Ẹ wá so ó mọ́ òkè gúrúùpù. WhatsApp máa ń bi yín bóyá kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 30. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú, ọjọ́ 30 ni kẹ́ ẹ mú.

ÌyáÌbejì

Mo gbọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ó ká mi lára.

Nílé tiwa, ẹni tó bá já wọ àárín àgbà láìkí wọn, tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu rẹ̀, wọ́n á ní ilé kò kọ́ ọ. Kí ẹ kí èèyàn kẹ́ ẹ tó bá a sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ tó ń ṣe admin lónìí, òfin ni wọ́n ń fi kọ́ wa. Àbúrò bàbá mi, ẹni ọdún 74, kọ àdúrà sínú gúrúùpù ẹbí lọ́jọ́ ìbí ìyá mi. Ọmọ kan tí wọ́n gbé jó níjọ́ ìkómọ kọ ọ́ sábẹ́ àdúrà náà pé kò bá ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ mu. Àwọn ń sọ̀rọ̀ òrùlé lọ́wọ́ ni o. Bàbá jáde nínú gúrúùpù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọn ò sì padà títí di òní. Ta ló jàre? Òrùlé ni àbí bàbá?

Ẹ má fi àkọlé lé àwọn àgbà jáde o.

Òṣìṣẹ́Fẹ̀yìntì

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Mo wà lẹ́yìn yín lórí bàbá yẹn, mo sì tún wà lẹ́yìn àkọlé. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Akéde ọba kì í kàn já sí àárín ọjà kó máa sọ̀rọ̀. Agogo ló kọ́kọ́ ń lù. Agogo yẹn kì í ṣe ìkíni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà pàápàá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún ẹni tó ń ta ata, ẹni tó ń ná ẹran àti ẹni tó ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ pé ohun tó ń bọ̀ yìí kan òun. Ìgbà tí wọ́n bá gbórí sókè tán ló máa wá kí wọn, tó máa sọ ẹni tó rán òun, tó máa jẹ́ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí agogo pé kò kí òun. Bí mo ṣe ń wo àkọlé nìyẹn. Ìlà kan péré ni agogo, ìkíni tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ jáde. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má dín ìkíni kù rárá, ipò rẹ̀ nìkan lẹ máa yí.

Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe, n'Íbàdàn. Nínú lẹ́tà iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nílé ìwé, "Sà" ló ń ṣáájú, àkọlé tá a fa ìlà sí nídìí á tẹ̀lé e, kí ara lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀ lórí ìwé, torí ojú ń rí gbogbo ojúewé lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà lókè pátápátá nìkan ló ń fi hàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àkọlé gba iwájú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ju WhatsApp lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1995, wọ́n gbé ìlànà ìwà ọmọlúàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì kan jáde tí wọ́n ń pè ní RFC 1855. Sally Hambridge, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Intel, ló kọ ọ́. Ó wà níbẹ̀ pé kí ímeèlì ní àkọlé tó bá ohun tó wà nínú rẹ̀ mu. Ó wà níbẹ̀ pé lẹ́tà ńlá ńlá látòkè délẹ̀ dà bí ẹni tó ń pariwo mọ́ èèyàn. Bí inú bá sì ń bí ọ, kí o sun orí rẹ̀ di ọjọ́ kejì kí o tó fèsì. "Re:" tẹ́ ẹ máa ń rí níwájú èsì ímeèlì pàápàá, èdè Látìn ni, ó túmọ̀ sí "nípa ọ̀rọ̀ yìí". Nítorí náà, bí ẹ bá fi "Re:" sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó ti di nǹkan mìíràn, ẹ ti purọ́ fún ẹni tó máa kà á.

Ní ti àgbà tó yà kúrò lórí ọ̀rọ̀: ẹ má ṣe sọ ọ́ ní gbangba láé. Ẹ pè wọ́n, tàbí kẹ́ ẹ kọ̀wé sí wọn nìkan. "Ẹ ṣé sà, àmín fún àdúrà yín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó òrùlé là ń dá lọ́wọ́, mi ò fẹ́ kí àdúrà yín sọnù sáàárín rẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ilé ṣe àmín sí i lọ́tọ̀." Mi ò tíì rí àgbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí bí nínú.

Gbọ́hùn

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí mi ò rí ẹni tó mẹ́nu bà á.

Ojú mi kò ríran. TalkBack tó wà nínú fóònù Android mi ló ń ka gbogbo nǹkan sí mi létí. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ń ka Yorùbá bí òyìnbó, àmọ́ etí mi ti mọ́ ọn. Ẹ̀yin lè fi ojú fò lórí igba ọ̀rọ̀, kí ojú yín sì bà lé èyí tó dúdú. Èmi gbọ́dọ̀ gbọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Tí ìlà àkọ́kọ́ bá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, mo lè fo èyí tí kò kàn mí. Tí kò bá sọ ọ́, mo ní láti gbọ́ ọ dópin kí n tó mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń to àwòrán ọwọ́ àdúrà méjìlá sára ọ̀rọ̀, fóònù ń pè wọ́n fún mi ní orúkọ. Bí wọ́n bá wà níwájú àkọlé, wọ́n á ti dí mi lọ́nà kí n tó dé ibi ọ̀rọ̀. Ẹ fi wọ́n sẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì mú ẹyọ kan. Àwọn lẹ́tà aláràbarà tí wọ́n ń dà kọ láti orí ìkànnì bí iṣẹ́ ọnà, nígbà mìíràn fóònù mi kì í rí wọn kà rárá.

Páálí ìkéde tí wọ́n yà bí àwòrán, tí fọ́tò olóògbé wà nínú rẹ̀, "àwòrán" nìkan ni mo ń gbọ́. Ọjọ́, ibi, aago, gbogbo rẹ̀ wà nínú fọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìlà kan sábẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni ohùn tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́: ìṣẹ́jú mẹ́rin, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ìròyìn ikú ni tàbí ẹ̀rín. Ẹ kọ "ohùn yìí: bí ẹ ṣe máa dé gbọ̀ngàn" sábẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa ló máa ràn lọ́wọ́. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ akérò tí kò lè gbé ohùn sókè náà ń jẹ níbẹ̀.

Olùkọ́Èdè

Mo ti ń dúró kí ẹnì kan mẹ́nu ba àmì ohùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ ọ́ sínú gúrúùpù ẹbí: "IPADE LORI OGUN BABA, SATIDE". Ogún ló ní lọ́kàn, ilẹ̀ àti ilé tí bàbá fi sílẹ̀. Àbúrò wa kan tó jẹ́ olùṣọ́àgùntàn ka tirẹ̀ sí òògùn. Ó fèsì pé òun ò bá ẹnikẹ́ni dá sí ọ̀rọ̀ òògùn bàbá, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sun. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la fi ń parí ìyẹn. Kó sì tó parí, àwọn ọ̀rọ̀ kan ti jáde lẹ́nu tó jẹ́ pé ì bá sàn ká má gbọ́ wọn.

Àárín ìpínrọ̀, ọ̀rọ̀ tó yí i ká lè gbà á là. Àkọlé ò ní alábàárò. "Owo" nínú àkọlé lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ òwò, ó lè jẹ́ ọwọ́. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn tẹ́ ẹ bá kọ lórí fóònù, mo mọ bó ṣe ń gba àkókò tó. Àmọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́fà inú àkọlé, ẹ fi àmì sí i. Gboard, àtẹ ìtẹ̀wé Google fún fóònù, ti ní Yorùbá nínú; tẹ́ ẹ bá tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ díẹ̀, àmì á jáde.

Ará_Houston

Èmi ni ilẹ̀ máa ń ṣú bá nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bá yín. Tí mo bá jí, mo lè bá ọ̀rọ̀ tó tó 300. Mo gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, mo máa ń fo gbogbo rẹ̀, àfi èyí tó bá ní àkọlé.

Ẹ bá mi kọ aago ti ibi tẹ́ ẹ ń sọ. "Ìpàdé 8 alẹ́" ò tó. 8 alẹ́ Nàìjíríà jẹ́ 2 ọ̀sán lọ́dọ̀ mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ibí, nígbà òtútù ó máa di 1 ọ̀sán, torí wọ́n ń yí aago ní ibí, ẹ̀yin ò sì ń yí tiyín. Ọjọ́ náà ńkọ́? Ẹni tó bá kọ 5/6 n'Íbàdàn, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ló ní lọ́kàn. Àwọn ọmọ mi tí wọ́n bí síbí á kà á sí ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún. Ẹ kọ orúkọ oṣù.

Ti ímeèlì tún wà, ìgbìmọ̀ wa ń lò ó fún ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wá ímeèlì àtijọ́ kan tí orúkọ gbogbo wa wà níbẹ̀, wọ́n á tẹ èsì, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ tuntun. Bí ìṣirò owó ọdún yìí ṣe wọ abẹ́ "Ẹ kú ọdún tuntun" nìyẹn. Ẹ ṣí tuntun. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ yí àkọlé èsì padà, Gmail á yà á sọ́tọ̀, àmọ́ àwọn ètò ímeèlì mìíràn á ṣì so ó mọ́ ti àtijọ́, torí àmì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ojú ò rí tó ń sọ pé èsì ni.

Tí ọ̀rọ̀ bá wá yà fúnra rẹ̀ sí ibi tó wúlò, ẹ má pa á. À ń sọ̀rọ̀ àtúnṣe yàrá ìkàwé lọ́jọ́ kan, ẹnì kan ní olùkọ́ wa tẹ́lẹ̀ ń ṣàìsàn. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju yàrá ìkàwé lọ. Admin kọ ọ́ pé: "Mo ti ṣí ọ̀rọ̀ olùkọ́ wa sọ́tọ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa bá ti yàrá ìkàwé lọ níbí." Àwọn méjèèjì ló yanjú.

ÌyáÌbejì

Ọ̀rọ̀ agogo akéde yẹn wọ̀ mí létí. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbánikẹ́dùn ńkọ́? Àwọn admin kan máa ń ní kí gbogbo èèyàn má kọ "ẹ kú àmúmọ́ra" torí ó ń bo ìkéde. Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹni tó ṣọ̀fọ̀ ń ka orúkọ. Nígbà tí mo pàdánù ọkọ mi, mo mọ ẹni tó kí mi àti ẹni tí kò kí mi. Mo ṣì mọ̀ ọ́n títí dòní.

Òṣìṣẹ́Fẹ̀yìntì

Ẹ kú àtẹ̀yìnwá, Ìyá Ìbejì. Òótọ́ lẹ sọ. Kò yẹ ká dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe ni pé akọ̀wé á ṣí ọ̀rọ̀ kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "ÌBÁNIKẸ́DÙN: ẹ kọ tiyín sábẹ́ èyí". Gbogbo ìkíni, ibẹ̀. Ìkéde ọjọ́ àti ibi ìsìnkú, ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, akọ̀wé á kó gbogbo ìkíni náà jọ pẹ̀lú orúkọ, á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, á mú un lọ fún ẹni tó ṣọ̀fọ̀. Mo ti rí opó tó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú Bíbélì rẹ̀.

ỌmọẸ̀gbá_Manchester

Ìyẹn dára gan-an, màá mú un lọ sílé.

Ti fídíò olóṣèlú, ọjà títà àti àwàdà: a ṣí gúrúùpù kejì, a pè é ní Gbàgede. Oṣù kan gbáko, kò sẹ́ni tó débẹ̀. Ìgbà tí èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwàdà àti fọ́tò ọmọ lọ síbẹ̀ ni àwọn èèyàn tẹ̀ lé mi. Àṣẹ nìkan ò lè kó wọn débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dùn níbẹ̀.

WhatsApp ti fún admin lágbára láti pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíì rẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀ fún irọ́, jìbìtì àti àwòrán òkú. Ẹ má fi pa àdúrà ẹnikẹ́ni rẹ́. Ó máa hàn níbẹ̀ pé admin ló pa á, gbogbo ojú ló sì máa rí i.

Akọ̀wéSẹ́ẹ̀tì

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti pe ọ̀rẹ́ wa, mo ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn náà ń lọ kí i lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀.

Ìpàdé wa ti yí padà báyìí. Ẹ bá mi wo ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́:

*ÀYÍPADÀ: Ìpàdé sẹ́ẹ̀tì ti di 9 alẹ́, 14/6*

Ará_Houston

9 alẹ́ ti ibo? Oṣù ńkọ́?

ỌmọẸ̀gbá_Manchester

Ẹ sọ ti tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú.

Akọ̀wéSẹ́ẹ̀tì

Ó yá:

*ÀYÍPADÀ: Ìpàdé Àìkú 14 oṣù kẹfà ti kúrò ní 7 alẹ́, ó di 9 alẹ́ Nàìjíríà*
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. 9 alẹ́ Nàìjíríà jẹ́ 9 alẹ́ ní Manchester, 3 ọ̀sán ní Houston. Owó ìrànwọ́ olùkọ́ wa nìkan la máa sọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn, kó kọ ọ́ sí mi, màá ṣí i sọ́tọ̀.

ÌyáÌbejì

Ó kí wọn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Gbọ́hùn

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí fóònù kà á fún mi ni. Kí n tó kúrò lórí ìlà àkọ́kọ́, mo ti mọ ọjọ́, mo ti mọ aago, mo ti mọ̀ pé ó yí padà. Ẹ fi ránṣẹ́.